Orúkọ Kan Nínú Fáìlì Mọ́kànlá

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Ìyá Fáìlì ti fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìpamọ́ ìwé kí wọ́n tó gbé kọ̀ǹpútà tuntun débẹ̀, kò sì fẹ́ràn kọ̀ǹpútà náà rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè ìwé, yálà ìwé ilé ẹjọ́ ni o, tàbí ti ilé ìwòsàn, tàbí ìwádìí tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣe lórí eṣú ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, orí ló fi ń wá a. Á dìde, á rìn gba àárín àwọn pẹpẹ, á na ọwọ́, á sì fa páálí náà yọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń sọ pé bí Ìyá Fáìlì bá gbàgbé nǹkan, a jẹ́ pé nǹkan náà ò ṣẹlẹ̀ rí.

Ọkùnrin tó wá to kọ̀ǹpútà náà ti lé lógójì ọdún, ó fi okùn iná kọ́rùn bí ẹni fi ìlẹ̀kẹ̀ kọ́rùn. Wáyà ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é.

"Ẹ wò ó, mà," ni Wáyà wí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, "tẹ́lẹ̀, ìwé ilé ẹjọ́ dá wà, ti ilé ìwòsàn dá wà, ti rélùwéè dá wà. Ní báyìí, gbogbo wọn ti wà lójú kan. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ kan péré, gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn bá sá pamọ́ sí ló máa jáde. Ẹ dán an wò. Ṣùgbọ́n ẹ má tẹ ohun tó wọ́pọ̀ o, kó má lọ kó ẹgbẹ̀rún ìwé wá bá wa."

Ìyá Fáìlì rẹ́rìn-ín. Ohun tí kò wọ́pọ̀ kẹ̀? Ọ̀kan wà lẹ́nu rẹ̀. Orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀ ni. Orúkọ náà ṣọ̀wọ́n débi pé nígbà tó wà nílé ìwé, àwọn olùkọ́ máa ń pè é bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun. Bàbá rẹ̀ pàápàá máa ń sọ pé, "Tí o bá rí ẹlòmíì tó ń jẹ́ orúkọ wa, àbí èmi ni mo bí i, àbí ó jí i."

Ó tẹ orúkọ náà. Ẹ̀rọ ronú díẹ̀.

"Mọ́kànlá!" ni Wáyà kígbe. "Ẹ̀yin lẹ ní kò wọ́pọ̀."

Ìyá Fáìlì sún mọ́ ojú ẹ̀rọ. Mẹ́ta nínú mọ́kànlá náà jẹ́ àwòrán ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ yà nígbà tó ń ṣiṣẹ́ awọnlẹ̀ fún ìjọba. Ìyẹn ò yà á lẹ́nu. Mẹ́ta mìíràn jẹ́ ti oníṣòwò ìyẹ́ adìyẹ kan tí akọ̀wé tí oorun ń kùn ti ṣi orúkọ rẹ̀ kọ. Márùn-ún tó kù ni kò yé e: ìwádìí oníṣègùn ojú kan, ìròyìn ọdọọdún ilé ìwé kan, ìwé ìgbìmọ̀ tó wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ojú irin, ìwé wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn, àti rẹ́jísítà itẹ́ òkú.

"Àwọn èèyàn yín pọ̀ o," ni Wáyà wí.

"Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ni," ni Ìyá Fáìlì fèsì.

Ìwádìí ojú náà ló kọ́kọ́ wá. Ìwé ńlá ni, aṣọ aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi di ẹ̀yìn rẹ̀. Oníṣègùn kan ló lọ yẹ ojú àwọn obìnrin ilé iṣẹ́ òwú wò ní ọdún méjìdínlọ́gọ́ta sẹ́yìn, igba obìnrin ó lé méjìlá, ó sì to orúkọ gbogbo wọn. Nọ́ḿbà kẹtàdínláàdọ́rùn-ún ni Màmá Àgbà.

Inú Ìyá Fáìlì dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. Màmá Àgbà ni ìyá bàbá rẹ̀, òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà, ó sì ti pé ọdún méjìdínlógún tó ti kú. Ẹ wá wo orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ọ̀mọ̀wé! Ó fi ìka tọ ìlà náà lọ sápá ọ̀tún, ó kà á: *Ojú méjèèjì mọ́ gaara. Ó ka ìlà tó kéré jù lọ lára káàdì láìṣi ẹyọ kan.*

Ó dúró. Màmá Àgbà kẹ̀? Màmá Àgbà tó jẹ́ pé láti ọmọ ọdún márùn-ún ni òun ti ń bá a ti òwú bọ abẹ́rẹ́? Gbogbo ilé ló mọ̀ pé eruku òwú ti ba ojú màmá náà jẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ìyá Fáìlì pa ìwé náà dé. Ó ní bóyá dókítà náà gan-an ni kò ríran.

Lọ́jọ́ kejì, ó fa ìròyìn ilé ìwé náà yọ. Fọ́tò kan wà ní ojú ewé kọkàndínlógún: ọmọkùnrin méjì tó tó ọdún mẹ́rìndínlógún dúró ti tábìlì, wọ́n gbé àwòrán kan dání láàárín ara wọn. Wọ́n ní àwọn ló yege jù nínú ìyàwòrán. Orúkọ bàbá rẹ̀ wà lábẹ́ fọ́tò náà, tòun ti orúkọ ìdílé wọn, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ó wo bàbá rẹ̀ lójú fọ́tò, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀, nítorí etí bàbá yọ síta bí ọwọ́ ife. Etí yẹn lòun náà gbé sórí, etí kan náà sì ni àwọn ọmọ òun méjèèjì jogún.

Àfi ìgbà tó wo orúkọ náà dáadáa. *Láti ọwọ́ òsì*, ni wọ́n kọ. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló ṣáájú. Ẹni tó wà lọ́wọ́ òsì kì í ṣe elétí ife. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ojú rẹ̀ tóbi, etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí. Elétí ife wà lọ́tùn-ún, orúkọ tí wọ́n sì kọ fún un jẹ́ orúkọ tí Ìyá Fáìlì ò gbọ́ rí láyé. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: *ọmọ ilé aláìlóbìí*.

"Wọ́n ṣi í kọ," ló sọ sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ló wà láàárín pẹpẹ. Àwọn tó ń kọ orúkọ sábẹ́ fọ́tò máa ń ṣi ọ̀tún mọ́ òsì. Òun náà ti tún irú rẹ̀ ṣe tó ìgbà ogún. Síbẹ̀, àyà rẹ̀ ò balẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, ó ka ìwé ìjàǹbá ọkọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ yẹ̀ lórí afárá, iná sì mú kọ́ọ̀ṣì méjì. Orúkọ bàbá rẹ̀ wà láàárín àwọn tó fara pa, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, iná jó o lọ́rùn àti lágbọ̀n. Àpá wà lọ́rùn bàbá lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi gbígbóná ni bàbá sọ fún wọn pé ó dà sí òun lára. Ta ní í purọ́ nítorí ọkọ̀ ojú irin? Ó ṣí ojú ewé àwọn tó kú. Orúkọ kẹrin níbẹ̀ ni orúkọ ọmọ ilé aláìlóbìí.

Kò dúró jẹun ọ̀sán. Ó gun àkàbà lọ sí àjà kẹta níbi tí ìwé wọ́ọ̀dù wà, ó gbé e sílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀, ó sì jókòó sórí páálí kà á. Nọ́ọ̀sì kan ló kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ kéré, ó sì tọ́.

*Ọjọ́ kejì. Ọmọkùnrin, orí àti àgbọ̀n nínú báńdéèjì. Ìwé ìdánwò nínú àpò kóòtù rẹ̀ la fi mọ orúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dé láti ilé iṣẹ́ òwú. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó pẹ́. Ó ní kì í ṣe ọmọ òun. Ó ní ká mú òun lọ síbi tí àwọn òkú wà.*

*Ọjọ́ kẹta, aago mẹ́fà àárọ̀. Obìnrin náà padà wá. Kò sunkún. Aláìsàn ń ké pe ìyá nínú ibà. Obìnrin náà jẹ́ ẹ.*

*Aago mẹ́wàá. Obìnrin náà ní òun ṣì wí lánàá, ìpayà ló fà á. Ó ní ọmọ òun ni. Ó fọwọ́ sí ìwé.*

Ìyá Fáìlì kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn lẹ́tà náà sì ń fò lójú rẹ̀ bí èèrà. Orí páálí náà ló ṣì wà nígbà tí Wáyà gòkè wá wá a.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kò sí wàhálà? Ẹ rí bí ẹni tó pàdé òkú lọ́nà."

"Òun gan-an ni mo pàdé," ni Ìyá Fáìlì wí.

Kó tó kúrò níbi iṣẹ́, ó ka rẹ́jísítà itẹ́ òkú tó gbẹ̀yìn. Ọmọ ilé aláìlóbìí ni wọ́n sin síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ ìjàǹbá náà. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ẹnìkan wá ní kí wọ́n gbé òkúta sórí sàréè rẹ̀, ẹni náà sì ní kí wọ́n má kọ orúkọ kankan sí i. Orúkọ Màmá Àgbà ló wà níwájú ìlà náà.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ló tó lágbára láti bá bàbá sọ̀rọ̀. Bàbá ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ọ̀dọ̀ Ìyá Fáìlì ló ń gbé láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń pààrọ̀ okùn bàtà, ó sì ń bá bàtà náà jà bí ẹni pé ó bú u.

Ìyá Fáìlì gbé ẹ̀dà fọ́tò náà lé e lórí itan. Bàbá wò ó. Bàtà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Níbi iṣẹ́, Bàbá. Èwo ni yín nínú wọn?"

Bàbá na ìka, ó sì gbé e lé elétí ife.

"Orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Orúkọ mi ni," ni bàbá wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti kà á gbẹ̀yìn."

Ìyá Fáìlì ti ń retí kó jiyàn. Ó ti ń retí kó ní àwọn ayàfọ́tò ló ṣi ọ̀tún mọ́ òsì, òun náà ìbá sì gbà, ìbá ya ìwé náà dànù, gbogbo rẹ̀ ìbá parí.

"Ta wá lẹni tí mò ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni. Jókòó, ọmọ mi. Tí mo bá ṣì lè pè ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, Bàbá. Ẹ sọ̀rọ̀."

Bàbá sọ ọ́, kò sì gbójú sókè. Ó ní òun ò mọ ìyá, òun ò mọ bàbá, ilé aláìlóbìí lòun ti lajú. Ọmọkùnrin ojú ńlá yẹn nìkan ni ọ̀rẹ́ òun. Ọmọ náà kò gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀; láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ìyá ti fi í sọ́dọ̀ olùkọ́ kan níbi tó jìnnà, kó lè kàwé, kò sì tíì fojú kàn án fún ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn méjèèjì jọ ń lọ kọ ìdánwò láti di awọnlẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ yẹ̀.

"Òtútù mú mi nínú ọkọ̀. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀ fún mi. Ó ní bí mo bá gbọ̀n báyìí níwájú àwọn olùdánwò, wọ́n á rò pé mo jalè." Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in. "Ìwé rẹ̀ wà lápò kóòtù. Nǹkan tí mo tún mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni pé obìnrin kan di ọwọ́ mi mú, ó ń fi orúkọ rẹ̀ pè mí. Mo fẹ́ sọ. Ọlọ́run gbọ́, mo fẹ́ sọ, àgbọ̀n mi wà nínú báńdéèjì, n ò lè sọ ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ. Nígbà tí wọ́n máa fi tú u, ó ti pè mí lọ́mọ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹnikẹ́ni ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kí n dúró di ọ̀la. Ọ̀la di ọ̀tunla."

"Ó sì di ọgọ́ta ọdún."

"Ó di ọgọ́ta ọdún. Obìnrin tí kò ríran dáadáa, òun ni mo rẹ́ jẹ. Mo jẹ oúnjẹ ọmọ rẹ̀, mo sùn sórí ibùsùn ọmọ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ní kí n bá òun ti òwú bọ abẹ́rẹ́, ńṣe ni mo máa ń rò ó pé, bí ojú yìí bá là lọ́jọ́ kan, mo gbé. Lọ́jọ́ tó kú, mo sunkún, àbí o ò rántí? Ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn."

Inú ti bí Ìyá Fáìlì gan-an. Ó ti to ohun tó fẹ́ sọ jọ láti Ọjọ́rú. Ṣùgbọ́n bó ṣe lanu báyìí, nǹkan kan gbá a láyà: bàbá ò mọ̀. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí bàbá sọ, kò mọ̀.

"Bàbá," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "ó mọ̀."

"Ta ló mọ̀?"

"Màmá Àgbà. Ó mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi," ni bàbá wí. "Mo jẹ̀bi, mo gbà, ṣùgbọ́n má fi mí ṣeré."

Ìyá Fáìlì fa ẹ̀dà ìwé wọ́ọ̀dù náà yọ nínú báàgì, ó sì kà á fún un. Nígbà tó dé ibi tí ìyá náà ti ní kì í ṣe ọmọ òun, bàbá dìde. Nígbà tó dé ibi tí aláìsàn ti ń ké pe ìyá, tí obìnrin náà sì jẹ́ ẹ, bàbá tún jókòó.

"Tún un kà."

Ó tún un kà.

"Ó lọ wo òkú ọmọ rẹ̀," ni bàbá wí, bí ẹni tó ń ka ìṣirò tí kò pé. "Ó wò ó lálẹ́. Láàárọ̀, ó wá bá mi. Ó jókòó tì mí. Ó mọ̀ pé... Ojú rẹ̀ ńkọ́? Ojú rẹ̀ tí kò ríran ńkọ́?"

Ìyá Fáìlì gbé ìwádìí ojú náà fún un, ó fi ìka sí nọ́ḿbà kẹtàdínláàdọ́rùn-ún. Bàbá mú gíláàsì rẹ̀ bọjú, ó kà á fúnra rẹ̀. *Láìṣi ẹyọ kan.*

Igbe tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀, Ìyá Fáìlì ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí bàbá sin ìyàwó rẹ̀. "Yéè! Abẹ́rẹ́!" ni bàbá ń ké. "Gbogbo abẹ́rẹ́ yẹn! Ó ń rí mi! Kedere ló ń rí mi!" Ó di orí mú, ó ń mì síwá sẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ sì gbá a mọ́ra, nítorí kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe.

Odindi ọjọ́ méjì ni bàbá ò fi jẹun. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ sílẹ̀, á dúpẹ́, á sì kọjú sí ògiri. Ẹ̀rù ba Ìyá Fáìlì. Ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun ti fi ìwé pa bàbá òun. Níbi iṣẹ́, Wáyà bi í pé ṣé kí àwọn tún orúkọ abẹ́ fọ́tò yẹn ṣe, nítorí ó ti rí i pé ó ń wò ó ṣáá.

"Má fọwọ́ kàn án," ni Ìyá Fáìlì dá a lóhùn. "Bó ṣe wà yẹn ló ṣe rí."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó bá bàbá nínú pálọ̀, ó ti wẹ̀, ó ti wọ bàtà.

"Ibo ni wọ́n sin ín sí?"

Wọ́n wọ ọkọ̀ lọ. Itẹ́ òkú náà gbòòrò, koríko sì ti bo ìdajì rẹ̀. Àwọn páànù nọ́ḿbà tó yẹ kó wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan ti jẹrà. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ ní òun ò lè mọ ibi tí ìlà kẹrìnlá tó wà nínú rẹ́jísítà wà mọ́. Bàbá gba ẹ̀dà rẹ́jísítà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó wo àwòrán kékeré tó wà níbẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo igi ńlá tó wà lápá kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ wọnlẹ̀, ó ń kà á lábẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣì í. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, bàtà rẹ̀ gbá òkúta.

Òkúta kékeré ni, kò ga ju orúnkún lọ, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lára rẹ̀. Bàbá kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fa koríko tu, ó fi apá aṣọ nu erùpẹ̀. Ó sọ nǹkan kan wẹ́rẹ́ tí Ìyá Fáìlì ò gbọ́, kò sì gbìyànjú láti gbọ́. Orúkọ bàbá ti àtijọ́ ni wọ́n fi sin ọmọ ojú ńlá náà nínú rẹ́jísítà. Obìnrin tó bí i ò sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sórí òkúta.

Ọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ ti tẹ̀ lé wọn dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìwé àbẹ̀wò rẹ̀. Ó wúkọ́.

"Ẹ má bínú, Bàbá, òfin ni. A máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Kí ni ẹni yìí jẹ́ sí yín?"

Bàbá ò tíì dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Ọmọ ìyá mi ni," ló wí.

Ọkùnrin náà kọ ọ́, ó sì béèrè orúkọ alábẹ̀wò. Bàbá wo ọmọ rẹ̀, ó wò ó títí, lẹ́yìn náà ó pe orúkọ tó ti ń jẹ́ láti ọgọ́ta ọdún, ó sì bá ọkùnrin náà tún un pè, nítorí ọkùnrin náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n ń jáde, ó ní ebi ń pa òun. Wọ́n ra búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sì jẹ gbogbo rẹ̀ tán nínú ọkọ̀ láìfún ọmọ rẹ̀ níbẹ̀.